Aago Tó Ń Wo Gbígbóná Èéfín Ọkọ̀ Akẹ́rù Òwú



Bí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ẹgbẹ́ bá jó ní àárín ìkórè, òwú yóò wà nílẹ̀ ní abúlé, owó yín yóò sì pẹ́ kó tó wọlé. Ẹ̀kọ́ yìí wà fún ẹgbẹ́ tó ní ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lo gasoil, tó sì ní tọ́bò.

Kí ló dé tí aago omi kò tó?

Aago omi ń sọ bí omi ẹ́ńjìnì ṣe gbóná, ṣùgbọ́n omi kì í tètè gbóná. Bí ọkọ̀ bá gbé ẹrù wúwo gun òkè, èéfín rẹ̀ lè gbóná kọjá ààlà kí omi tó mọ̀ ọ́n lára. Kí aago omi tó sọ̀rọ̀, písítìn tàbí tọ́bò lè ti bàjẹ́. Àwọn àgbà ní igi gànǹgàn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Aago èéfín ló ń bá awakọ̀ wo òkèèrè yẹn.

Bí a ṣe ń fi í sí ọkọ̀

Ojú aago, wáyà, àti ọ̀pá kékeré kan tó ń wọ inú èéfín ni ohun èlò náà. Kí mẹkaníìkì tó mọṣẹ́ ṣe é báyìí:

1. Kí ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù, kí ó sì yọ wáyà bátìrì.

2. Kí ó yan ibì kan lára irin tó ń gba èéfín lára ẹ́ńjìnì, ṣáájú tọ́bò. Bí ọ̀pá bá wà lẹ́yìn tọ́bò, iye tí aago yóò kà yóò kéré sí ooru tó wà lẹ́nu ẹ́ńjìnì.

3. Kí ó tú irin náà kúrò kí ó tó lu ihò sí i. Èérún irin tó bá bọ́ sínú tọ́bò yóò ba abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ìwé tó bá aago wá ni yóò sọ bí ihò ṣe máa tóbi tó.

4. Kí ó gé ojú nọ́ọ̀tì sínú ihò náà, kí ó nu gbogbo èérún kúrò, kí ó sì dá irin padà. Orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ dé àárín ibi tí èéfín ń gbà kọjá.

5. Kí wáyà ọ̀pá jìnnà sí irin gbígbóná. Ẹ má ṣe fi wáyà lásán so mọ́ ọn, nítorí aago yóò ṣi iye kà. Kí wáyà iná aago gba ara fíúsì.

Bí awakọ̀ yóò ṣe lò ó

Ṣáájú tọ́bò, ọ̀pọ̀ mẹkaníìkì ka nǹkan bí 700°C sí ààlà fún ọkọ̀ tó ń gun òkè fún ìgbà pípẹ́. Bí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ iye mìíràn, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí aago bá ń sún mọ́ ọn, kí awakọ̀ dín ẹsẹ̀ kù, kí ó sì bọ́ sí jíà kékeré. Bí ó bá dúró, kí ó má pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Kí ó jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ títí aago yóò fi wálẹ̀ sí 200°C, kí òróró inú tọ́bò má baà jó.

Bí iye bá ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lójú ọ̀nà kan náà, pẹ̀lú ẹrù kan náà, àìsàn ń bọ̀ nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ wo fílítà atẹ́gùn, nítorí eruku ọyẹ́ àti ìdọ̀tí òwú máa ń dí i nígbà ìkórè. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bóyá páìpù atẹ́gùn tó ti tọ́bò wá ti lu. Ẹ wo ẹrù pẹ̀lú: ṣé kò ti pọ̀ jù?

Ohun kan wà tí aago kò lè rí: òwú tó bọ́ sórí páìpù èéfín lè gbiná, kí iná sì ràn mọ́ ẹrù. Ẹ gbá a kúrò kí ọkọ̀ tó gbéra nígbàkigbà.

Ẹ jíròrò ní ìpàdé: Ta ni yóò máa kọ iye tí aago kà sínú ìwé ẹgbẹ́ lẹ́yìn ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan? Ta ni yóò máa yẹ fílítà wò, ọjọ́ wo sì ni?