Ìgbà Wo Ni Ọmọ Lè Fi Ọmú Òru Sílẹ̀?

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ìyá ọlọ́mọ ń bi wá léèrè lemọ́lemọ́ bí ìpàdé bá ti tú: ọmọ tó ń mu ọmú, ìgbà wo la lè ní kó má mu ún lóru mọ́?

Àwọn àgbà ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun. Ẹni tó pa òwe yẹn kò gbé ọmọ sílẹ̀ fún ìyá àgbà lọ ta tòmátì rí. Ọmọ á sùn lẹ́yìn ìyá àgbà títí oòrùn á fi kan àtàrí. Ìyá ni kò ní sùn lóru, tí kò sì ní sùn lọ́sàn-án.

Ọ̀kan nínú wa wà tó ń ta ata àti tòmátì, ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ oṣù 8 nígbà tí a ń wí yìí. Aago 4 ìdájí ló ń jáde nílé kó lè bá ọkọ̀ tó ń já ọjà. Ọmọ yìí ń jí lẹ́ẹ̀mẹrin, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò sì ní í gba ohunkóhun àfi ọmú. Lọ́jọ́ kan oorun gbé ìyá lọ lórí àpótí, nígbà tó ta gìrì, ó ta apẹ̀rẹ̀ méjì ní owó apẹ̀rẹ̀ kan. Ẹkún ló fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti ní kó fi ewúro pa orí ọmú, aládùúgbò rẹ̀ ní kó ra oògùn tí ọmọ ń mu sùn. Ó ní kí ni kí òun ṣe báyìí?

Ohun tí a kọ́kọ́ bi í ni pé, kí ni ọmọ ń jẹ láti ìgbà tó bá ti jáde títí á fi wọlé? Ó ní ògì. Ògì lásán pẹ̀lú ṣúgà, ẹ̀ẹ̀mejì. Ọmú ńkọ́? Kò sí, àfi tí òun bá dé ní aago 6 ìrọ̀lẹ́. Ṣé ẹ rí i? Ọmọ yìí kì í ṣe alágídí rárá. Wákàtí 14 gbáko ni kò fi rí ọmú, òru ló fi ń gba gbèsè ọ̀sán. Bí a bá ní kó dá ọmú òru dúró lọ́jọ́ náà, oúnjẹ la gbà lẹ́nu ọmọ yẹn. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ ọ́ pé kí ìyá tó wo òru, kó kọ́kọ́ wo ọ̀sán.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ẹ má dá ọmú òru rẹ̀ dúró. Ọmọ tuntun máa ń mu ọmú tó ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24, torí ikùn rẹ̀ kéré, omi ọmú sì tètè ń dà. Ara ìyá náà tún wà níbẹ̀: ohun tó ń pàṣẹ fún ara pé kó ṣe omi ọmú máa ń pọ̀ lóru ju ọ̀sán lọ, ìyá tó bá sì tètè pa òru tì lè rí i pé ti ọ̀sán náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ṣùgbọ́n bí ọmọ oṣù 4 bá fúnra rẹ̀ sùn wákàtí 5 tàbí 6, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì ń gòkè lórí káàdì, ẹ má jí i. Ọmọ ọjọ́ díẹ̀, tí kò tíì padà sí ìwọ̀n tí a fi bí i, ló yẹ ká máa jí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọmú nìkan fún oṣù 6, kò sí omi, kò sí àgbo, lẹ́yìn náà oúnjẹ pẹ̀lú ọmú títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A mọ̀ pé ẹnu dùn ún rò ó. Ní 2014 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìsinmi oṣù 6 lẹ́yìn ìbímọ. Ta ló fún aláta ní tirẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tí a máa ń fi ojú bò mọ́lẹ̀. Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù 6, tí kò tíì rí nǹkan oṣù, tó sì ń fún ọmọ ní ọmú nìkan tọ̀sán-tòru, oyún kì í sábà mú un: nínú 100 irú wọn, bí 2 péré ló lè lóyún láàárín oṣù 6 náà. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti yẹ̀, ààbò yẹn ti lọ nìyẹn, dídá òru dúró sì wà lára ohun tó ń yẹ̀ ẹ́. Ẹ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ ìfètò sọ́mọ bíbí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ju ẹnìkan lọ nínú wa, a ò ní í dárúkọ, ọmọ ti di ẹ̀gbọ́n kó tó mọ ìrìn rìn.

Lẹ́yìn oṣù 6, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọmọ oṣù 6 sí 8 yẹ kó jẹun lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, yàtọ̀ sí ọmú. Láti oṣù 9, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ògì lásán kò tó, jàre, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀ tàbí edé lílọ̀ sí i, ẹ fún un ní ẹ̀wà tí a bó tí a sì tẹ̀ kúnná, ẹyin sísè, ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ dáadáa. Ọmọ tó bá ń jẹ báyìí, tó ń rí ọmú mu lọ́sàn-án, tí ìlà káàdì rẹ̀ ń gòkè, tí ara rẹ̀ sì dá, a lè bẹ̀rẹ̀ sí í dín òru rẹ̀ kù. Òmíràn á gbà ní oṣù 7 tàbí 8, òmíràn di oṣù 11. Bó bá ti pé ọdún kan, tó sì ń jẹun gidi, kì í sábà jẹ́ ebi ló ń jí i mọ́, ìtùnú ló ń wá. Ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìyá tó bá fẹ́ máa fún un lọ, kó máa fún un.

Ẹ má ṣe é nígbà tí ibà bá wà lára ọmọ tàbí tó ń ṣu gbuuru, torí ọmú ló ń gbé e ró nígbà yẹn. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i, tàbí tí kò sanra tó, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ná.

Ní ti oògùn oorun, a bẹ̀ yín ni o. Ní 2008, oògùn eyín ọmọdé kan tí wọ́n ń tà nílẹ̀ Nàìjíríà ní májèlé diethylene glycol nínú, ó sì pa ọmọ tó lé ní 80. Àwọn ìyá tó rà á kò ṣe ìkà, wọ́n fẹ́ kí ọmọ sinmi ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ onítòmátì wa. Kò fọwọ́ kan òru rárá fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀sán la kọ́kọ́ tún ṣe. Kó tó jáde, á fọ ọwọ́, á fún omi ọmú sínú kọ́ọ̀bù tó mọ́ tó ní ìdérí, ìyá ọkọ rẹ̀ á sì fi ṣíbí fún ọmọ kí wákàtí 4 tó pé, torí ooru ilé wa. Bó bá di ọ̀sán, màmá á pọ̀n ọ́n wá sí ìsọ̀ kó wá mu ọmú. A kò bá màmá jà lórí ewúro, a ní kí wọ́n jẹ́ kó wà fún ọbẹ̀. Nígbà tó fi tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ fúnra rẹ̀ ti wá sílẹ̀ láti ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀mejì.

Ìgbà yẹn ló tó mú ẹyọ kan. Èyí tó máa ń jí mu ní aago 11 ló kọ́kọ́ dín kù, lálaalẹ́ ni àkókò tó fi ń wà lẹ́nu ọmú ń kéré sí i, nígbà tó yá bàbá rẹ̀ ló ń gbé e tó ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn. Ọmọ ké fún alẹ́ bíi mélòó kan, òótọ́ ni, kò sì sí ẹni tó fi í sílẹ̀ kó dá ké. Nígbà tí ọmú ìyá bá kún tó ń ro ó, díẹ̀ ló ń fún dànù, ìba tí ara á fi fúyẹ́. Ọmú tó bá pọ́n, tó gbóná, tí ara ìyá náà sì ń gbóná, ilé ìwòsàn ni ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Ó kù ọmú aago 3 àbọ̀, kó tó jáde. Ó ní òun kò fẹ́ dá ìyẹn dúró, a ò sì rí ìdí kankan tó fi yẹ kó dá a dúró. Ọmọ náà ń mu ún títí ó fi pé ọdún kan àti oṣù 4.