Ìmọ̀ràn Lórí Substance, Àkójọ Orin New Order

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni àwo tí wọ́n bá kó àwọn orin tó ti lókìkí jọ sí. Pé ìgbà tí olórin ò bá ní ohun tuntun láti sọ mọ́ ló ń ṣe é. Ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà púpọ̀, mi ò ní í bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n Substance, tí ẹgbẹ́ New Order gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1987, kò sí lára ìyẹn. Agbègbè Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti wá. Wọ́n mú gìtá rọ́ọ̀kì, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ìlù ẹ̀rọ tí àwọn èèyàn ń jó sí nílé ijó òru. Bí wọ́n ṣe tọ́jú orin tó wà nínú àwo yẹn, ẹ kọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe ṣe owó tó tìdí rẹ̀ wá, ẹ sá fún un.

1. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ yín, ẹ má gbé ohun èlò sílẹ̀.

Kí New Order tó wà ni Joy Division ti wà. Ian Curtis tó ń kọrin fún wọn gbẹ̀mí ara rẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 1980, lẹ́ni ọdún 23, nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ ṣeré ní Amẹ́ríkà. Ó wá ku Bernard Sumner, Peter Hook àti Stephen Morris. Wọ́n ti jọ fẹnu kò tẹ́lẹ̀ pé bí ẹnì kan bá kúrò láàárín àwọn, àwọn ò ní í lo orúkọ náà mọ́, wọ́n sì mú un ṣẹ. Wọ́n yan orúkọ mìíràn, wọ́n mú Gillian Gilbert, ọ̀rẹ́bìnrin Morris, wọlé kó máa tẹ kíbọ́ọ̀dù. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ceremony, orin tó ṣíwájú nínú Substance, ìgbà ayé Curtis ni wọ́n ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dún ketekete nínú tépù tó kù sílẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń yí ohùn inú tépù náà síwá sẹ́yìn kí wọ́n tó lè fetí ṣa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gba orin náà sílẹ̀. Èyí tí Gilbert ti wà níbẹ̀ ni ẹ óò gbọ́ nínú àkójọ yìí.

2. Ẹ má ṣe orin ẹyọ kan bí ẹni tó ń polówó ọjà mìíràn.

Bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ṣe ń ṣe é nígbà náà ni pé wọ́n á ṣe àwo ńlá tán, wọ́n á wá fa orin kan yọ nínú rẹ̀ kí àwọn èèyàn lè ra ìyókù. New Order kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Orin tí wọ́n bá fẹ́ kó dá dúró, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí rẹ́kọ́ọ̀dù oníǹṣì 12, wọ́n á sì jẹ́ kó gùn tó bó ṣe wù ú. Blue Monday jáde ní oṣù kẹta ọdún 1983. Àwo ńlá wọn, Power, Corruption & Lies, tẹ̀lé e ní oṣù karùn-ún, Blue Monday kò sì sí nínú èyí tí wọ́n tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ra gbogbo àwo ńlá wọn kò tíì ní orin tí ayé fi mọ̀ wọ́n. Ìdí tí Substance fi di dandan nìyẹn. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé Tony Wilson, ọ̀gá Factory Records tó ń gbé orin wọn jáde, ra ọkọ̀ Jaguar tó ní ẹ̀rọ CD, ló bá ní òun fẹ́ máa gbọ́ gbogbo orin ẹyọ-ẹyọ wọn bí òun bá ń wakọ̀. Ìdí yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tó tìdí rẹ̀ jáde kì í ṣe ẹ̀rín.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí Blue Monday díẹ̀. Ó lé ní ìṣẹ́jú méje. Ẹ̀rọ ìlù Oberheim DMX ló kọ́kọ́ ń lu ilẹ̀ gbì-gbì, ìṣẹ́jú méjì á sì kọjá kí Sumner tó lanu kọrin. Ohùn ègbè tó dún bíi ti ilé ìjọsìn nínú rẹ̀, inú Uranium, orin Kraftwerk ará Jámánì, ni wọ́n ti gé e. Gilbert ló tẹ orin náà sínú ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn kan tẹ̀lé òmíràn. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sórí bébà A4, ó lẹ àwọn bébà náà mọ́ra wọn títí wọ́n fi gùn láti ìpẹ̀kun sítúdíò kan dé èkejì. Níbi tó ti ń tẹ̀ ẹ́, ohùn kan ṣoṣo bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ohùn kíbọ́ọ̀dù wá yẹ̀ díẹ̀ kúrò lójú ìlù. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa, ẹ óò gbọ́ ibi tí kíbọ́ọ̀dù ti ń lé ìlù tí kò sì bá a. Kọ̀ǹpútà tí ẹ̀yin ń lò lónìí, kíá ló máa ń fa gbogbo irú ìyẹ̀ bẹ́ẹ̀ wálé. Kí ẹ tó jẹ́ kó fà á, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

3. Ohun èlò tí kò dára kì í ṣe àwáwí.

Peter Hook máa ń sọ pé ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn béèsì òun jáde kò dára nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bó bá ta okùn ìsàlẹ̀, ariwo gìtá Sumner á bò ó mọ́lẹ̀, kò ní í gbọ́ ara rẹ̀. Ló bá gun òkè lọ sórí okùn tínrín. Béèsì wá di ohun tó ń kọ orin, ẹ̀rọ ló wá ń ṣiṣẹ́ béèsì nísàlẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́ New Order rí tí kò ní í dá ọwọ́ rẹ̀ mọ̀.

4. Ẹ gbọ́ Substance bí wọ́n ṣe tò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí fóònù dà á rú fún yín. Orin 12 ni, bí wọ́n ṣe jáde ní ọdún dé ọdún ni wọ́n ṣe tẹ̀léra. Ní Ceremony, gìtá ló ń pàṣẹ. Ní Everything's Gone Green, ẹ̀rọ ti ń kan ilẹ̀kùn. Ní Confusion, tí wọ́n bá Arthur Baker ṣe ní New York, ẹ̀rọ ti wọlé, ó ti jókòó. True Faith ló kẹ́yìn, tí wọ́n bá Stephen Hague ṣe tuntun nítorí àkójọ yìí, ó sì dé ipò kẹrin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ẹ mọ̀ pé Temptation àti Confusion tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti àkọ́kọ́. Wọ́n tún wọn gbà sílẹ̀ ní 1987. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀, èmi náà sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé Temptation ti 1982, pẹ̀lú gbogbo ṣákálá rẹ̀, ló wù mí jù. Bí ẹ bá rí àkójọ tí wọ́n ń pè ní Singles, ti 2005, kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn ẹ̀dà kúkúrú ló pọ̀ jù nínú ìyẹn.

5. Ẹ ka owó yín kí ẹ tó na án sórí ẹwà.

Peter Saville ló ya àpò Blue Monday. Ó rí dísíìkì kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ Morris, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ṣe àpò náà ní ìrísí rẹ̀, pẹ̀lú ihò tí wọ́n gé sí i lára. Kò kọ orúkọ ẹgbẹ́ tàbí ti orin síwájú rẹ̀. Àwọ̀ ló fi ṣe àmì dípò lẹ́tà. Ó rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n títẹ̀ rẹ̀ wọ́n débi pé, gẹ́gẹ́ bí àwọn fúnra wọn ṣe ń rò ó, bí wọ́n bá ṣe ń tà á tó ni wọ́n ń pàdánù tó. Kò sì sí rẹ́kọ́ọ̀dù oníǹṣì 12 tó tà tó o nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dòní.

Èyí tó kù nínú owó, ilé ijó gbé e. Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 1982 ni Factory àti New Order ṣí Haçienda ní Whitworth Street West, nínú ilé tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ilé kún àkúnya, okòwò kò kún. Oògùn olóró ni ọ̀pọ̀ oníjó ń gbé mì, omi ni wọ́n ń mu lé e. Ọtí tí ì bá mówó wọlé kò tà. Àwọn ọmọ ìta gbé ìbọn dé. Ní 1997, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa. Factory fúnra rẹ̀ ti wó ní 1992.

6. Ẹ kọ àdéhùn yín sílẹ̀, pàápàá láàárín ọ̀rẹ́.

Factory kì í gba orin lọ́wọ́ olórin. Ti àwọn olórin ni orin wọn. Nígbà tí London Records fẹ́ ra Factory, wọ́n rí i pé orin New Order tí àwọn ń wá kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà. Ìyẹn gbe New Order. Ṣùgbọ́n láàárín ara wọn ńkọ́? Sumner àti Hook ti jọ wà nílé ìwé ní Salford láti kékeré. Hook kúrò ní 2007, àwọn yòókù padà sórí ìtàgé láìsí i ní 2011, ọ̀rọ̀ owó orúkọ New Order dé kóòtù ní 2015, ó sì di 2017 kí wọ́n tó parí rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ ni kí ẹ ti pín in.

7. Ẹ má fojú kéré apá kejì.

Nínú CD Substance, àwo kejì wà tí wọ́n kó àwọn orin ẹ̀yìn rẹ́kọ́ọ̀dù sí. Ibẹ̀ ni 1963 wà, tí wọ́n gbà sílẹ̀ nígbà kan náà pẹ̀lú True Faith, tí wọ́n wá fi sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé iwájú ló yẹ kó wà, èmi náà wà lára wọn. Ọdún 1995 ni wọ́n tó gbé e jáde láyè ara rẹ̀. Bí ẹ bá máa gbọ́ ọ, ẹ wá sípíkà tó ní ìsàlẹ̀. Ti fóònù yín kò gbé béèsì.