Oògùn afínmú: ọ̀rọ̀ fún ará Yewa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní Ìlaròó àti Ayétòrò, ọyẹ́ la máa ń bá wí tí imú bá dí. Eruku á gba ojú ọ̀nà, ojú á máa yún ni, èèyàn á fi Robb ra imú, á sì máa retí òjò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà tí oòrùn bá yọ tí ewéko sì tutù yọ̀yọ̀ gan-an ni ìyọnu ń bẹ̀rẹ̀. Igi ló ń kọ́kọ́ tú lẹ́búlẹ́bú òdòdó rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ láti ìparí oṣù Kẹta. Ti koríko, tó ń dààmú èèyàn jù, ń bẹ̀rẹ̀ ní àárín oṣù Karùn-ún títí wọ oṣù Keje. Ẹni tó lo ọdún kìíní láìsín lè rò pé òun ti bọ́. Kó má tíì yọ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2013 fi hàn pé irú àìsàn tí ara fi ń kọ nǹkan báyìí kì í pọ̀ lára àwọn ọmọ tí wọ́n bí sílẹ̀ mìíràn tó ti àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀, àmọ́ ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ti gbé ibẹ̀ ju ọdún 10 lọ ju lára àwọn tí kò tíì pẹ́.

Tí ẹ bá wọ ilé oògùn, ó ṣeé ṣe kí apòògùn na oògùn afínmú tó ní steroid sí yín: fluticasone, mometasone tàbí beclometasone. Ẹni tó ti pé ọdún 18 lè rà á láìsí ìwé dókítà. Ibi tí wọ́n bá ti dárúkọ steroid ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń fà sẹ́yìn, wọn ò sì jẹ̀bi. A ti rí dexamethasone tí wọ́n ń gbé mì kí wọ́n lè sanra, a ti rí ohun tí ìpara tí wọ́n fi ń bóra ń ṣe fún awọ ara. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo iye tó ń wọ ara. Títẹ ike fluticasone lẹ́ẹ̀kan máa ń tú máíkírógíráàmù 50 jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì sí ihò imú kọ̀ọ̀kan lóòjọ́ jẹ́ 200, ohun tó sì ń dé inú ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀ kò tó ìdá 2 nínú 100. Hóró dexamethasone kékeré kan jẹ́ 500, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló sì ń wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹlòmíràn tó ń sá fún ike yìí ti gbé hóró yẹn mì nílé nítorí kátá lásán.

Ibi tí ìbẹ̀rù náà ń lé èèyàn lọ ló burú jù lójú tèmi. Wọ́n á fi steroid sílẹ̀, wọ́n á ra oògùn tó ń la imú lójú ẹsẹ̀, bí oxymetazoline tàbí xylometazoline. Ìyẹn dára fún ọjọ́ mélòó kan. Tí wọ́n bá lò ó kọjá bó ṣe yẹ, oògùn náà fúnra rẹ̀ ni yóò máa dí imú, wọn ò sì ní lè sùn láìfín in.

Ẹlòmíràn á ní, “Mo fín ti steroid lọ́jọ́ mẹ́ta, kò ṣe nǹkan kan.” Òótọ́ ni, torí kò dà bíi Robb. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí agbára rẹ̀ tó pé, ìdí nìyẹn tó fi dára láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà koríko, kí ẹ sì máa fín in lójoojúmọ́, bí imú tilẹ̀ là. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fín in ni kò dáa. Ẹ fun imú, ẹ mi ike. Tó bá jẹ́ tuntun, ẹ tẹ̀ ẹ́ sáfẹ́fẹ́ títí yóò fi máa tú dáadáa. Ẹ tẹ orí ba díẹ̀, ẹ má gbé e sókè. Ọwọ́ ọ̀tún ni ti ihò òsì, ọwọ́ òsì ni ti ihò ọ̀tún, kí ẹnu ike lè kọjú sí ìhà etí, kó má kọjú sí àárín tó pín imú sí méjì, torí ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti máa ń yọ. Ẹ mí wọlé jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá fà á bí ẹni fín aṣáà, ọ̀nà ọ̀fun ni oògùn ń gbà lọ, yóò sì tọ́ ọ wò.

Èyí kò ní ká máa lò ó láìbéèrè. Ẹni tó ń lo oògùn HIV tó ní ritonavir tàbí cobicistat nínú gbọ́dọ̀ sọ fún apòògùn kó tó ra fluticasone, torí àwọn yẹn kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ palẹ̀ rẹ̀ mọ́, á wá máa gbá jọ sára. Ọmọ tó bá ń lò ó fún ìgbà pípẹ́, kí dókítà máa wọn gíga rẹ̀. Glaucoma, àìsàn ojú tí steroid lè mú burú sí i, wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn dúdú, nítorí náà ẹni tó ní in gbọ́dọ̀ jẹ́ kí dókítà mọ̀. Ní England, ẹni tó ti pé ọdún 40 tí òbí, ọmọ ìyá tàbí ọmọ rẹ̀ ní in lè yẹ ojú wò lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá sì jẹ́ ihò imú kan ṣoṣo ló ń dí, tí ẹ̀jẹ̀ ń tinú rẹ̀ jáde, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ koríko. Kí dókítà tètè wò ó.