Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

Ẹ̀yin ọmọ Àrìgìdì, mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń wí pé rélùwéè tí kò gba ilẹ̀ Àkókó wa kọjá ló jẹ́ ká gbẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Irin tí òyìnbó tẹ́ láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ìkirun, Òkukù àti Ọ̀fà kọjá sí Ìlọrin. Kánò lojú wọn wà. A ò sí lójú ọ̀nà. Ká tiẹ̀ wà níbẹ̀, ọkọ̀ irin ò mọ òkè í pọ́n, àpáta ló sì yí wa ká láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà. Àpáta yìí náà làwọn baba wa sá gùn nígbà ogun Tápà, ẹ má bú u.

Lóòótọ́, rélùwéè ṣe ìlú kéékèèké lóore. Iṣu tí ì bá jẹrà lóko Òkukù di owó l'Ékòó. Bí ọkọ̀ bá ti fọn fèrè, àwọn obìnrin á gbé àtẹ ẹ̀kọ àti àkàrà lérí, wọn á máa sáré bá fèrèsé, ọwọ́ kan lórí àtẹ, èkejì ń gba owó, kí ọkọ̀ tó ṣí. Nígbà tó yá, lọ́rì gba ẹrù mọ́ irin lọ́wọ́, ọkọ̀ irin ò wá déédéé mọ́. Ẹni tó fi fèrèsé ọkọ̀ nìkan ṣọjà, ojú rẹ̀ rí màbo.

Ẹ wá wo Ògbómọ̀ṣọ́ tí irin ò yà sí. Àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ wọkọ̀ níbi tí ọkọ̀ wà, wọ́n ṣòwò dé ilẹ̀ Haúsá àti Gánà. Nígbà tí ìjọba Gánà lé àwọn àlejò ní 1969, ọ̀pọ̀ wọn padà wálé. Ọjà tí wọ́n kó sọ́hùn-ún ni wọ́n pàdánù. Òwò tí wọ́n mọ̀ bá wọn délé.

Irin kan ò jìnnà sí wa báyìí, ní Itakpe lẹ́bàá Òkene, tó lọ sí Warri. Ní 1987 ni wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde nítorí òkúta irin. 2020 ni wọ́n tó ṣí i. Ọmọ tó jókòó dè é láti 1987 ti hewú.

Nítorí náà, ẹ kọ́ṣẹ́, ẹ roko, ẹ mọ ọjà. Ẹni tó bá ti ní gaàrí tàbí iṣu tó pọ̀, kó dé Itakpe, kó bèèrè bóyá wọ́n ń gba ẹrù àti iye tí wọ́n ń gbà, kó fi wé owó lọ́rì. Èyí tó bá dín, kó gbà á. Bí ọ̀kan bá dí lọ́la, kó gba èkejì.