Eré tí Ń Fún Ọwọ́ Ọmọdé ní Agbára

Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955, ọ̀pọ̀ òbí kò mọ ọjọ́ ìbí ọmọ wọn. Ọmọ a na ọwọ́ kọjá lórí. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí kejì, a gbà pé ó tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Lónìí, ní Ẹ̀sà-Òkè gẹ́gẹ́ bí níbòmíràn, ọmọ ọdún 3 ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, a sì ń fi pẹ́ńsùlù lé e lọ́wọ́. Bí ó bá kọ ìlà méjì tí ọwọ́ rẹ̀ sì rẹ̀ ẹ́, wọn a ní ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ nà án. Bẹ́ẹ̀ ni egungun kéékèèké 8 tí ó wà ní ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ kò ì tíì le tán. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń le, títí di nǹkan bí ọdún 12.

Amọ̀ pípò, aṣọ fífún, ẹ̀gúsí bíbó àti òkòtò títa ni yóò ran irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ayò ni olórí wọn. Ọpọ́n ayò ní ojú 12, ọmọ ayò sì jẹ́ 48. Ẹni tí ń ta á yóò kó gbogbo ọmọ ojú kan sí àtẹ́lẹwọ́, yóò sì máa jù wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìka ẹ̀yìn yóò di ìyókù mú, nígbà tí àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ń mú ẹyọ kan jáde. Irú iṣẹ́ yìí gan-an ni ìwé kíkọ ń fẹ́: apá kan ọwọ́ a dúró jẹ́ẹ́, apá kejì a máa ṣiṣẹ́. Ó ṣe ni láàánú pé àwọn àgbà a máa lé ọmọdé kúrò nídìí ọpọ́n. Bí àgbà bá dìde, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọdé jókòó.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 kò gbọdọ̀ fi ọmọ ayò tàbí ẹ̀pà ṣeré, nítorí yóò sọ ọ́ sẹ́nu, ó sì lè há a ní ọ̀nà èémí, kí ó pa á. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣu òkèlè iyán tirẹ̀.

Kí òbí má fi ipá yí ọlọ́wọ́-òsì padà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan bá ń lo ọwọ́ kan ṣoṣo, tí èkejì sì ń dì gbàgì nígbà gbogbo, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ, láìjáfara.