Ìdánwò Iṣẹ́ Tí Kò Lọ́jọ́ Ìparí

Ẹni tó bá ń wáṣẹ́ ní Èkó tàbí Ìbàdàn báyìí, àfàìmọ̀ kó má ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí: "Ẹ kọ́kọ́ bá wa ṣe oṣù kan ná, ká fi wo ọwọ́ yín." Kò sówó, kò síwèé. Ẹ ṣọ́ra o.

Ká dán èèyàn wò fún ọjọ́ kan, kò burú. Àmọ́ ẹni tó ń dúró ti káńtà látàárọ̀ dalẹ́, tó ń tajà, tó ń gbowó wọlé fún ọ̀gá, iṣẹ́ ló ń ṣe. Àwọn ọ̀gá kan tilẹ̀ wà tí wọn ò ní í lọ́kàn láti gba ẹnikẹ́ni. Bí àwọn ti oṣù yìí bá ti ń béèrè owó, wọ́n á ní wọn ò kúnjú òṣùwọ̀n, àwọn tuntun á sì dé ní Mọ́ńdè.

Wọ́n á ní ṣebí bẹ́ẹ̀ náà lọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ṣe ń sin ọ̀gá. Mi ò gbà. Kọ́mọ tó wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, òbí rẹ̀ àti ọ̀gá á ti jókòó sọ iye ọdún tó máa lò, ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù á sì wà níwájú tí gbogbo ẹbí ń retí. Èwo ni ẹni tí wọ́n ń "wo ọwọ́ rẹ̀" ní nínú ìwọ̀nyí?

Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ mélòó ni? Kí lẹ fẹ́ rí lọ́wọ́ mi? Ta ni yóò san owó ọkọ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀, ì báà ṣe lórí WhatsApp. Tí wọ́n bá fìbínú dáhùn, ẹ máa lọ sílé. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ àti owó rẹ̀, kó tó pé oṣù 3 tó ti bẹ̀rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù ti di 70,000 náírà láti 2024, ṣùgbọ́n òfin yẹn yọ ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 25 sílẹ̀. Irú ibẹ̀ gan-an sì lọ̀pọ̀ yín ti ń wáṣẹ́!

Ẹ má sanwó fọ́ọ̀mù. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2014, 1,000 náírà làwọn tó ń wá iṣẹ́ Ímígíréṣọ̀n san, ọ̀pọ̀ sì kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní Àbújá, Port Harcourt àti ibòmíràn. Ètò ìjọba fún iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́, N-Power, tó máa ń san 30,000 náírà lóṣù, ìjọba dá a dúró ní 2023. Ẹni tó bá fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́, tó ní kẹ́ ẹ kọ BVN yín síbẹ̀, ẹ má dá a lóhùn.

Ẹni tó ti kó sínú ìdánwò aláìlówó yìí, kó kọ gbogbo ọjọ́ tó fi ṣiṣẹ́ sílẹ̀, kó má pa àtẹ̀jíṣẹ́ kankan rẹ́. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Kó kó wọn lọ síbẹ̀.