Àpótí Ìmọ̀: Kí Ló Mú Kí Oògùn HIV Wọ́n Tó Bẹ́ẹ̀?

Lọ́dún 2000, àpapọ̀ oògùn mẹ́ta tí kì í jẹ́ kí kòkòrò HIV pa èèyàn ń gba nǹkan bíi 10,000 dọ́là lọ́dún kan fún aláìsàn kan. Owó yìí ju iye tí wọ́n fi ń ṣe oògùn náà lọ fíìfíì. Ìwé àṣẹ ló fà á: ilé iṣẹ́ tó bá gbà á nìkan ló lè ṣe oògùn náà fún nǹkan bí ọdún 20, iye tó bá sì wù ú ló máa dá lé e.

Ní Íńdíà nígbà yẹn, òfin ọdún 1970 kò fi irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ de oògùn fúnra rẹ̀, bí kò ṣe ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Ilé iṣẹ́ apoògùn Cipla níbẹ̀ wá ọ̀nà tirẹ̀ láti ṣe é. Ní oṣù Kejì ọdún 2001, ó ní òun á ta oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ẹgbẹ́ oníṣègùn Médecins Sans Frontières ní 350 dọ́là lọ́dún fún aláìsàn kan. Kò tó dọ́là kan lóòjọ́, oògùn kan náà! Ó dunni pé ọ̀pọ̀ ti kú kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

Ní South Africa, àwọn ilé iṣẹ́ apoògùn ti pe ìjọba Nelson Mandela lẹ́jọ́ láti 1998, nítorí òfin tó fàyè gba oògùn olówó pọ́ọ́kú. Àwọn aláìsàn tú sígboro láti fẹ̀hónú hàn. Ní oṣù Kẹrin 2001, ilé iṣẹ́ 39 tó pẹjọ́ náà fà á yọ.